Ohùn Tó Ń Pe Ẹran Wálé ní Ọ̀tà

Ẹ̀yin ará Ìgbòho, ẹ̀yin tí ẹ bá mi jókòó lórí ẹní nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mí, mo lọ, mo sì ti bọ̀. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Ìyá Làtí fẹ́ bi mí nídìí kànga lánàá, ó la ẹnu, ó wá yà á sórí ọ̀rọ̀ iṣu. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀: ohùn náà ti dákẹ́. Bó ṣe dákẹ́, àti ohun tó kù sẹ́yìn rẹ̀, ni mo jókòó tì láti kọ yìí. Ẹ mọ̀ pé ìwé mi kò lọ jìnnà kí bàbá mi tó mú mi kúrò níbẹ̀, torí náà ẹ fojú fo àṣìṣe mi.

Fún ẹni tí kò bá sí nílé nígbà náà: Ràfíátù, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún mi, dókítà ẹran ni. Ọ̀tà ló ti ń ṣiṣẹ́, ní yunifásítì aládàáni kan. Tírélà gbá a lójú títì bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Mùsùlùmí ni wá. Wọ́n sin ín lọ́hùn-ún kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. N kò sí níbẹ̀, bí mo bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, n kì bá tí lọ. Òbí kì í fojú kan sàréè ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ àdúrà ogójì, ọmọkùnrin kan wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kúnlé lorúkọ rẹ̀, ẹnjiníà ni. Ọmọ dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó fẹ́ tù mí nínú. Ó ní, "Mọ́mì, Rafí ò tíì lọ o. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, ojoojúmọ́ la máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀. Ó ṣì ń pe àwọn ẹran wálé."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Alùfáà Búráímọ̀. Kúnlé wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ ohun tó sọ tó burú. Ó ń ṣàlàyé pé inú ẹ̀rọ ni ohùn náà wà, pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí wọn. Ṣùgbọ́n Alàájì Sàlámì, àbúrò ọkọ mi, ti bi í léèrè ná: òkú tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ìgbà wo ló fẹ́ sinmi? Ẹnu gbogbo yín kò sì ṣe méjì pé kí ẹnìkan lọ, kí wọ́n pa ohùn náà. Alàájì fẹ́ lọ. Mo ní rárá. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ náà ti gba ohùn yẹn. Èmi ni n ó lọ pa á.

Ẹ ṣá mọ̀ pé ohùn wa kò yàtọ̀. Bàbá rẹ̀ tó bí i, nígbà tó wà láyé, bí Rafí bá sọ̀rọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, orúkọ mi ló máa fi dáhùn.

Ṣàngó

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dá yín lágara. Ìyá Bọ́sẹ̀ ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ló jókòó tì mí, ó ń lọ wo ọmọ tuntun. Ó bi mí pé kí lèmi ń lọ ṣe. Mo ní ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mò ń lọ. Ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí n bá a láyọ̀. Mo ṣe àmín.

Wọ́n sọ wá kalẹ̀ lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó ní Ọ̀tà. Ẹ̀yin tí ẹ kò débẹ̀ rí, ẹ fojú inú wo gbogbo ọjà Ìgbòho, kí ẹ wá kó o sójú ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ẹ sì ní kí gbogbo wọn máa sáré. Èéfín bo ojú ọ̀run. Òórùn ọṣẹ ń ti apá kan wá, òórùn irin jíjó ń ti apá kejì. Mo kí ọkùnrin kan tó dúró tì mí, kò dáhùn. Mo kí obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n, ó wò mí bí ẹni ń wo ògiri. Nílé wa níbí, bí o bá kí ènìyàn tí kò jẹ́ ọ, nínú méjì ọ̀kan ni: ìjà wà láàárín yín, tàbí kì í ṣe ènìyàn. N kò bá ẹnikẹ́ni jà ní Ṣàngó.

Bí mo ṣe dúró níbẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ń bọ̀ ní òdìkejì títì. Ìyẹ̀fun funfun ti bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ojú nìkan ló ń ṣẹ́. Wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń lọ, ẹnìkan tẹ̀ lé ẹnìkan. Ọmọbìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì, Bíọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìwó, rí i pé mò ń kí wọn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Wọn ò gbọ́ yín. Ìró ẹ̀rọ ti dí gbogbo wọn létí." Ó fún mi ní ìjókòó, ó sì bu omi fún mi, títí Kúnlé fi wá fi mọ́tò gbé mi.

Ilé Ìyá Ṣùkúrá

Ẹ̀yìn Ìyànà Ìyẹ̀sí ni ilé tí Rafí ń gbé. Obìnrin tó ni ilé, Ìyá Ṣùkúrá ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ọ̀tà gidi, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kúnlé ń gbé ẹrù mi sọ̀kalẹ̀, mo bá ṣíwájú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ kú ilé o."

Láti ẹ̀yìnkùlé, kíá, ẹnìkan dáhùn: "Rafí, o mà tètè dé lónìí. Omi gbóná wà nínú kẹ́tùlù o."

Mo gbọ́ tí nǹkan irin kan jábọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. N kò lè sọ̀rọ̀, torí mo mọ̀ pé bí mo bá tún la ẹnu, yóò tún burú sí i. Ó pẹ́ kó tó yọ. Ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri bọ̀, omi ìkòkò tó ń fọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí ojú mi, ó kúnlẹ̀, ó gbá mi mú lẹ́sẹ̀.

Ó tọ́jú mi. Kí Ọlọ́run tọ́jú òun náà. Gàrí wọn kan dé eyín. Òkèlè àkọ́kọ́ gún mi lẹ́nu. Ìyá Ṣùkúrá ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Rafí ṣe fajú ro nígbà tó kọ́kọ́ dé, pé nígbà tó yá ó di ẹni tó ń fi omi tútù mu ún pẹ̀lú ẹja díndín. Mo jẹ ẹ́ tán. Òrí tí mo gbé wá fún un, ó fi pa ẹsẹ̀, ó ní òórùn ilé dà bí ìgbà tí Rafí bá ti Ìgbòho dé.

Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí. Ojú ń tì í láti sọ ọ́. Ó ní, "Ìyá Rafí, ẹ má bínú. Tí ẹ bá fẹ́ pè mí, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n rí yín."

Láti ìgbà náà, mi ò pè é mọ́. Mo ń pàtẹ́wọ́ ni. Báyìí ni mo ṣe gbé nílé yẹn, bí odi.

Ohun mìíràn tí mo ṣàkíyèsí ni ọ̀nà. Láti ilé náà sí yunifásítì, ọ̀nà kan wà tó lọ tààrà. Mo ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ibẹ̀. Àwa kò gba ibẹ̀. Kúnlé a yà sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó, a yí, a tún yí, kó tó já sí títì. Mo bi í léèrè. Ó ní ọ̀nà tọ̀hún ti bàjẹ́. Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan já láti inú rẹ̀, ó ń sáré geere, obìnrin inú rẹ̀ sì gbé àwo ẹyin lé itan, kò mì. Kúnlé tẹjú mọ́ iwájú. N kò bi í mọ́. Ọjọ́ náà ni mo mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ mi sí: ọ̀nà tí gbogbo wọn ń gbà, tí ẹnikẹ́ni kò mú mi gbà.

Ilé Ẹran

Kí wọ́n tó jẹ́ kí o wọ ilé ẹran wọn, wàá ti ẹsẹ̀ bọ omi oògùn. Wọ́n wọ aṣọ funfun fún mi, wọ́n fi aṣọ dí mi nímú àti lẹ́nu. Gbogbo wọn ló wọ irú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti wẹ òkú rí mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn, mo gbé e mì. Wọ́n ní kí àrùn má baà ti ara wa wọlé tọ ẹran ni.

Ọ̀gá ibẹ̀ obìnrin ni, Dókítà Fọlákẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta. Ó kúnlẹ̀ kí mi tòun ti bàtà róbà. Òun ló kọ́ Rafí níṣẹ́, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Ó mú mi rìn yí ká, ó ń sọ ohun tí ọmọ mi ń ṣe, ohun tí Rafí sọ fún mi lórí fóònù tí mo kàn ń dáhùn "hẹ̀ẹ́n, hẹ̀ẹ́n" sí.

Ẹ rántí ìgbà tí kata wọ agbo ewúrẹ́ wa. Imú ń ṣàn, ikọ́, ìgbẹ́ gbuuru, kó tó di pé a mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, agbo ti túká. Rafí kò tíì gbọ́njú nígbà náà. Ó jókòó sáàárín àwọn tó kú, ó bi mí pé, "Ìyá mi, ṣé ẹ ò gbọ́ ikọ́ wọn ni?" Mo ní ẹran a máa wúkọ́, ta ni yóò mọ ikọ́ tó jẹ́ ti kata? Ìbéèrè yẹn ló gbé lọ sí Ọ̀tà. Òun àti Kúnlé jọ ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fetí sí ẹran. Nǹkan kéékèèké bí èso ìyeyè ni wọ́n so kọ́ sí àjà. Etí ẹ̀rọ náà nìyẹn. Ẹran á wá lọ́kọ̀ọ̀kan, á dúró ní ibi tóóró kan bí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ á gbọ́ èémí rẹ̀. Bó bá dá a mọ̀ pé ara rẹ̀ le, iná á tan àwọ̀ ewé. Bí nǹkan bá wà nínú àyà rẹ̀, kí imú tó ṣàn rárá, iná pupa á tàn.

Ṣùgbọ́n ẹran tó bá sáré wá, tàbí tí ẹ̀rù ń bà, èémí rẹ̀ á dàrú, ẹ̀rọ á sì ṣì í gbọ́. Àfi kí wọ́n fi ìfọ̀kànbalẹ̀ rìn wá fúnra wọn. Ìdí tí wọ́n fi ń fi ohùn Rafí pè wọ́n nìyẹn.

A wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo fa aṣọ ẹnu mi sílẹ̀, mo bi í pé èwo nínú wọn ni Dúdúyẹmí. Dúdúyẹmí ni òbúkọ dúdú tí Rafí gbé láti agbo mi níbí lọ́jọ́ tó ń lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ ewúrẹ́ mi Arẹ̀wà, tó ní etí lílà. Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ báyìí, gbogbo ẹran ilé náà dá ẹnu jíjẹ dúró. Ẹran tí n kò rí rí, tí kò rí mi rí. Gbogbo wọn yí orí sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń wò mí, koríko ṣì wà lẹ́nu wọn. Dókítà Fọlákẹ́ di ọwọ́ mi mú.

Ohùn

Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣú. Kúnlé bi mí bóyá mo fẹ́ jáde kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní torí rẹ̀ ni mo ṣe wá.

Ẹ mọ ìpè náà. Ìyá mi ló fi kọ́ mi, mo fi kọ́ ọmọ mi. Ó bọ́ láti òkè, láti inú àjà, ó tutù, kò kánjú: "Ẹ wálé o. Ẹ wálé o. Èmi rèé."

N kò sunkún. Mo rò pé n ó sunkún. Àwọn ẹran dìde, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, kò sí èyí tó ti èkejì. "Ẹ wálé o. Ẹ wálé o. Èmi rèé." Ẹ mọ̀ pé wọ́n kọ́ gbogbo wa láti kékeré: bí ohùn bá pè ọ́ tí o kò rí ẹni tó pè, má dáhùn, má yí ọrùn. Mo mọ̀ ọ́n. N kò dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí n ó fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, irun ẹran ń ha mí lẹ́sẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, mo sì ti wà láàárín wọn, mò ń bá wọn lọ. Ewúrẹ́ pupa kan wà níwájú mi, ó dúró ní ibi tóóró náà, iná ewé tàn, ó kọjá. Ó kàn mí. Mo dúró.

Iná pupa tàn.

Kúnlé sáré wá, ó ń bẹ̀ mí, ó ní ẹ̀rọ kò mọ èémí ènìyàn, pé ó rò pé ara mi kò yá ni. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀, kò ṣì í gbọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo jókòó pẹ̀lú Dókítà Fọlákẹ́, mo jíṣẹ́ tí ẹ rán mi. Mo ní kí wọ́n pa á, kí ọmọ mi lè sinmi. Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ni ín. Tí ẹ bá ní ká pa á lónìí, a ó pa á lónìí." Ó wá sọ èyí tó kù. Wọ́n ti gbìyànjú ohùn Kúnlé, ẹran túká. Wọ́n gbìyànjú tòun fúnra rẹ̀, àwọn ẹran rìn dé ìdajì, wọ́n padà, ẹ̀rọ sì ń tan iná pupa lórí ẹran tí kò ṣe nǹkankan. Ìgbà ọyẹ́ ni kata ń jà, ọyẹ́ sì ti fẹ́ dé. Bí ẹ̀rọ kò bá gbọ́ wọn la ọyẹ́ yìí já, gbogbo ohun tí Rafí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ di òfo. Ó ní, "Mi ò fi dẹ́rù bà yín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó sọ̀rọ̀."

Bí mo bá pa á, mo pa iṣẹ́ rẹ̀. Bí n kò bá pa á, ọmọ mi kò sinmi. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rántí bí àwọn ẹran yẹn ṣe yí orí sí mi. Mo ní, "Alààyè ni mí. Èmi kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi. Ẹ fi mí ṣiṣẹ́."

Yàrá kékeré kan ni wọ́n ti gba ohùn mi. Tìmùtìmù ni wọ́n fi bo gbogbo ògiri rẹ̀. Ẹ kò tíì rí irú ibẹ̀: ohùn á kúrò lẹ́nu yín, kò ní dé ibì kankan. Ó kàn ń kú. Ìgbà àkọ́kọ́, n kò lè pè é. Mo wá di ojú, mo rò ó pé ẹ̀yìnkùlé wa níbí ni mo wà, pé ilẹ̀ ń ṣú, pé ọmọ kan ṣì wà nínú pápá tí kò tíì wọlé. Nígbà tí mo la ojú, Kúnlé ti bọ́ nǹkan tó fi bo etí kúrò, ó kọjú sí ògiri.

Mo bá wọn dá májẹ̀mú kan: ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé mo ti kú, kí wọ́n pa tèmi lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ àárín ọyẹ́. Dókítà Fọlákẹ́ ní ó gbọ́. Kúnlé wá bi mí, ó rọra ń sọ ọ́, bóyá mo fẹ́ kí òun fi ohùn Rafí sínú fóònù mi, kí n lè máa gbọ́ ọ nílé. Ọwọ́ mi ti na fóònù sí i. Mo fà á padà. Mo ní, "Kúnlé ọmọ mi, ọ̀nà tí o kò mú mi gbà, mo dúpẹ́. Má mú mi gba èyí náà. Ibi tó bá wù ọ́ ni kí o fi í sí, má sọ ọ́ fún mi." Ó dájú pé kò mọ̀ pé mo ti mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ǹtì níbẹ̀.

Dúdúyẹmí

Ní ìrọ̀lẹ́ tó tẹ̀ lé e, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú aṣọ funfun wọn, mo sì gbọ́ ara mi láti inú àjà. Kì í ṣe nǹkan tí mo lè ṣàlàyé fún yín. Ẹnu mi wà ní pípadé. "Ẹ wálé o. Ẹ wálé o. Èmi rèé." Àwọn ẹran dìde. Wọ́n tò bí wọ́n ṣe ń tò tẹ́lẹ̀. Ewé, ewé, ewé, iná ń tàn. Kúnlé bú sẹ́rìn-ín. Dókítà Fọlákẹ́ ń sọ pé àdúrà gbà, pé wọn kò mọ ìyàtọ̀ rárá.

Mo wá rí i pé ọ̀kan kò wá.

Dúdúyẹmí wà ní ìpẹ̀kun ilé, níbi tí ògiri ti parí tí wáyà ti bẹ̀rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí gbogbo wa. Ohùn mi ń pè é, ohùn tó ti mọ̀ láti inú agbo níbí, kó tó mọ ti Rafí. Ó ń gbọn etí tó là yẹn bí mo bá ti dé "Èmi rèé," ṣùgbọ́n kò yí padà. Ó ń wo ìta láti inú wáyà. Mo wo apá ibi tó kọjú sí. Mo rí igi, mo rí òrùlé kan, mo sì rí ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó, lápá ọ̀nà tí wọn kò mú mi gbà. Mo yára gbé ojú kúrò.

Kúnlé ń bọ̀ wá lé e. Mo fi ọwọ́ dá a dúró. Mo rìn lọ bá òbúkọ náà, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. Mo kẹ̀yìn sí wáyà gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí n ṣe, mo kọjú sí àwọn ènìyàn àti iná tó ń tàn. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò lábẹ́ apá mi, kò kánjú. Báyìí la dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi kò lè wo ibẹ̀. Òun ló ń bá mi wò ó.